Òkúta Keje ní Ìsun Ebba

Ta ni ó ni Ìsun Ebba? Ọdún mẹ́ta gbáko ni abúlé méjì fi ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ìdáhùn tí ẹnì kejì lè gbà. Àwọn ará Pedlow ní àwọn ni wọ́n ni ín. Àwọn ará Marsh Orton, tí ilé wọn wà ní òdìkejì pápá, ní irọ́ ni, àwọn ni wọ́n ni ín. Ìsun náà fúnra rẹ̀ kò dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ó ń rú jáde lábẹ́ àpáta, ó ń ṣàn sínú agbada òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ fún un, ó tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ó ti ń tutù nígbà òtútù, kò sì sí ẹni tí ó rí i kí ó gbẹ rí.

Kí ìjà náà má baà dà bí ìjà ọmọdé lójú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Pedlow kò tóbi. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ilé aago kúkúrú kan tí ó tẹ̀ síhà ìwọ̀-oòrùn. Igi óákù kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí àgbàlagbà mẹ́fà kò lè na apá yí ká. Ilé ọtí kan sì wà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àgbò Dúdú. Ilé ẹ̀kọ́ ti kógbá wọlé. Ṣọ́ọ̀bù tí ó tún jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀sì ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ó bá rántí. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí àlejò lè torí rẹ̀ yà kúrò ní títì ni ìsun, nítorí wọ́n gbà gbọ́ pé ẹni tí ó bá fi omi rẹ̀ bọ́jú yóò máa ríran kedere. Àlejò tí ó bá bọ́jú tán a wá ohun tí yóò fi kan ẹnu, Àgbò Dúdú ni ó sì sún mọ́ ọn jù.

Wàyí o, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ri pátákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, èyí tí yóò máa júwe ọ̀nà ìsun. Orúkọ abúlé kan ṣoṣo ni ó lè gba orí pátákó náà. Abúlé tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni yóò máa rí àlejò. Eruku ọkọ̀ wọn ni èkejì yóò máa rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ní Pedlow ni Hilary Prewett. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé. Fún ọdún mẹ́wàá ni ó ti ń kọ ìwé kan nípa ìtàn Pedlow àti àwọn ohun tí ń fa àlejò wá síbẹ̀. Ìsun Ebba ni orí kìíní ìwé náà dá lé, gbólóhùn tí ó sì ṣáájú gbogbo gbólóhùn ni èyí: "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ààlà Pedlow ti gba ojú ìsun kọjá." Hilary kì í kọ ohun tí kò tíì wádìí. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ó ti yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, àfi gbólóhùn yìí nìkan, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni ní Pedlow tí ó rò pé ó nílò àyẹ̀wò.

Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn wá láti inú àṣà kan. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, àwọn ará Pedlow a máa rin ààlà wọn yí ká láti òkúta dé òkúta. Ní ìdí òkúta kọ̀ọ̀kan, àlùfáà a ka ẹsẹ̀ Sáàmù, tọmọdé tàgbà a fi pàṣán na òkúta náà, lẹ́yìn náà wọn a gbé ọmọ kan lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọn a sì fi ìdí rẹ̀ kan òkúta lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í ṣe é kí ó dun ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é kí ó má baà gbàgbé. Nígbà tí kò tíì sí àwòrán ilẹ̀, ara ìdí ọmọ ni àwọn ará ibẹ̀ ń kọ ààlà wọn sí. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ti di arúgbó, wọn a mú un wá sí pápá, akọ̀wé abúlé a bi í ní gbangba, ohun tí ó bá sọ, ibẹ̀ ni abẹ gé sí.

Òkúta keje ni ó fa wàhálà. Kò sí mọ́. Ní ìgbà òtútù kan, nígbà tí àwọn tí ó ń ṣe àgbà Pedlow lónìí kò tíì máa rìn, àgbàrá ya bo pápá, ó sì wọ́ òkúta náà lọ. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ẹ̀bá ìsun ni wọ́n ń fi pàṣán na dípò rẹ̀. Marsh Orton béèrè pé ta ló sọ pé ibẹ̀ ni òkúta náà wà tẹ́lẹ̀, ìbéèrè náà kò sì burú. Àwọn ará Marsh Orton fúnra wọn ti pa àṣà rírin ààlà tì láti ìgbà ogun àgbáyé, nítorí náà wọn kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ẹlẹ́rìí òkúta keje kan péré ni ó kù lókè eèpẹ̀, Winifred Prewett, ìyá Hilary, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí Marsh Orton fi gbà kí obìnrin Pedlow kan jẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ tí ó kan Pedlow. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn elégédé kan. Nígbà ayé Arthur, ọkọ Winifred, elégédé rẹ̀ gba ipò kìíní níbi ìdíje irè oko tí abúlé méjèèjì jọ ń ṣe. Bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́wọ́ ni Winifred dìde, tí ó ní ọjà ni ọkọ òun ti rà á. Arthur kò bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi dé. Láti ọjọ́ náà, ní abúlé méjèèjì, bí ènìyàn bá fẹ́ fi dá ọ lójú pé òótọ́ ni òun ń sọ, yóò ní, "Lọ bi Win."

Nítorí náà, nígbà tí Colin Baverstock, àgbẹ̀ olómàlúù tí ó jẹ́ alága Marsh Orton, gbọ́ ẹni tí ẹlẹ́rìí náà jẹ́, kò jiyàn. Ó ní, "Ohun tí Win bá ti sọ, a ó gbà á. Bí ó bá ní inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi ni ààlà gbà, n óò máa tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí n tó jókòó."

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ Ìgòkè-re-ọ̀run, Hilary jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ sọ fún mi. Níbo ni òkúta yẹn wà?"

"Tíì rẹ ń tutù."

"Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo ń bá yín sọ."

"Èmi náà ń bá ọ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Tíì tó bá ti tutù ò ṣeé mu mọ́." Winifred ti ife náà sún mọ́ ọmọ rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n fi ìdí ẹ̀ kan òkúta kì í jẹ́rìí ní ilé ìdáná. Inú pápá ni wọ́n ti ń bi í, lójú gbogbo ayé. Bàbá bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ tíì sunkún tán."

"Ẹ kàn mi orí fún mi. Ṣé ẹ̀bá ìsun ni, àbí ibẹ̀ kọ́?"

"Bí mo bá mi orí, wàá ní mo ti sọ̀rọ̀. Tíṣà ni ẹ́, mo mọ̀ ẹ́."

Hilary mu tíì díẹ̀. "Ẹ ti ka orí kìíní tí mo fún yín?"

"Mo kà á. O mọ ìwé kọ. Gbogbo àmì ìdánudúró rẹ̀ ló wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà."

Ọkàn Hilary kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó mọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ tí kò dùn kalẹ̀ níwájú obìnrin yìí, àwo ni yóò máa yìn.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ bàtà òjò, ó sì dá nìkan lọ sí pápá láti fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ó ti ń wò láti kékeré. Ó dúró lórí òkúta kẹfà, ó wo iwájú. Ọgbà ẹlẹ́gùn-ún àtijọ́ tí ó pààlà láàárín oko méjì gùn tààrà láti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bá igi ẹ̀gún ńlá kan tí ó dá dúró létí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, láti ìdí igi náà ó sì tún gùn tààrà lọ bá òkúta kẹjọ. Ipa ẹsẹ̀ àwọn ará Pedlow nìkan ni kò tẹ̀lé e. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó dé ìdí igi ẹ̀gún, ṣe ni ó ń ré ọgbà kọjá sí ìhà Marsh Orton, tí ó ń ṣẹ́rí sókè lọ sí ìsun, tí yóò sì tún padà sọ̀kalẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn yà kúrò lójú ọ̀nà láti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Hilary rò ó síwá sẹ́yìn. Ààlà lè wọ́ nítorí odò, ó sì lè wọ́ nítorí àpáta. Odò kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpáta lójú ọ̀nà. Kí wá ni ó wà ní ẹ̀bá ìsun tí kò sí nísàlẹ̀? Ilẹ̀ gbígbẹ. Ta ni ó sì ń wá ilẹ̀ gbígbẹ? Ní ìdí òkúta keje ni àwọn tí ń rin ààlà máa ń sinmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ibẹ̀ ni Àgbò Dúdú sì máa ń gbé àgbá ọtí wá pàdé wọn. Ohun kan tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ bí ó bá ti yó tún padà sí i lọ́kàn: "Ẹsẹ̀ ará Pedlow mọ ibi tí àgbá wà ju ibi tí ààlà wà lọ." Ọmọdé ni Hilary nígbà náà, ó rò pé àwàdà lásán ni.

Síbẹ̀, ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ó sọ èyí fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ó ti ń padà bọ̀, kò sì tù ú nínú.

Desmond Tuck ni ó ni Àgbò Dúdú. Hilary kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, títí di ìsinsìnyí tí irun rẹ̀ ti ń funfun, Mísì ni ó sì ń pè é. Ó ń nu ife lọ́wọ́ nígbà tí Hilary wọlé, kò sí oníbàárà kankan, àfi ajá kan tí ó sùn sídìí ààrò. Hilary sọ ohun tí ó rí fún un, kò sì fi ohunkóhun pamọ́.

Desmond gbé ife sílẹ̀. "Mísì, ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìwọ nìkan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí a bá ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ ló ń sọ irú ìdáhùn tí a máa rí. Ẹ má bi màmá pé níbo ni òkúta wà. Ẹ bi wọ́n pé, níbo la ti ń na òkúta keje? Wọ́n á ní ẹ̀bá ìsun. Òótọ́ sì ni, ibẹ̀ la ti ń nà án látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Wọn ò ní purọ́, ẹ̀yin náà ò ní purọ́."

"Nígbà tí o wà ní kíláàsì mi, Desmond, o kì í ronú jinlẹ̀ tó báyìí."

"Nígbà yẹn mi ò ní ilé ọtí." Kò rẹ́rìn-ín. "Bí pátákó yẹn bá lọ sí Marsh Orton, màá ti ilẹ̀kùn yìí kí ọdún tó parí. Mi ò fi dẹ́rù bà yín o, bó ṣe rí ni mo ń sọ. Kí ẹ wá lọ kọ ìwé yín nípa ilé aago tó tẹ̀ àti igi óákù kan. Ta ló máa kà á? Ajá yìí?"

Ajá náà gbé orí sókè, ó sì tún sùn.

Àríyànjiyàn Desmond kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, Hilary kò sì ṣe bí ẹni pé òmùgọ̀ ni. Àṣà tí abúlé kan ti ń ṣe fún àádọ́rin ọdún, ṣé òun náà kì í ṣe ìtàn ni? Bí àwọn ènìyàn bá ti na ibì kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ibẹ̀ kò tíì di ààlà? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún lósì títí di Ọjọ́bọ̀, gbogbo ìgbà ni ó sì ń kọsẹ̀ lára ohun kan náà. Bí Desmond bá gba ìdí yẹn gbọ́ nítòótọ́, kí ló dé tí ó fi fẹ́ kí òun fi ìbéèrè bò ó mọ́lẹ̀? Ohun tí ó bá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kì í bẹ̀rù pé kí a bi òun.

Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run dé, oòrùn rọra ń yọ. Wọ́n rin òkúta kìíní dé ìkarùn-ún bí wọ́n ti ń rìn ín lọ́dọọdún. Ní ìdí òkúta kẹfà, Colin Baverstock àti ogunlọ́gọ̀ ará Marsh Orton ń dúró dè wọ́n.

Colin ní, "Ẹ kú ìrìn o. A wá wo ìsun wa ni."

Ẹnìkan láàárín àwọn ará Pedlow dá a lóhùn. "Ẹ bọ́jú yín dáadáa tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Bóyá ẹ ó ríran débi tí ààlà yín ti parí."

Lorna Akehurst ni àlùfáà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí abúlé márùn-ún wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, tí Pedlow àti Marsh Orton jẹ́ méjì nínú wọn. Ó ní, "Sáàmù ni mo wá kà. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, iwájú ẹ̀yin méjèèjì ni mo ti máa wàásù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan."

Nígbà tí wọ́n fi máa gòkè dé ìsun, Desmond ti gba ẹ̀yìn oko gbé Winifred débẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àgbá ọtí. Ó ti gbé e jókòó sórí àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada òkúta, ó da kúbùsù bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ife ọtí lé e lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni Desmond ṣètò kí ó dà bí ẹni pé obìnrin náà ti jẹ́rìí kí ó tó la ẹnu.

Colin bi í pé, "Win, báwo ni ọtí wọn?"

"Ó sàn ju tiyín lọ. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ láìjẹ́ pé wọ́n bi mí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àlùfáà ka Sáàmù rẹ̀. Pàṣán wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó na ilẹ̀. Hilary bọ́ síwájú ìyá rẹ̀. Ó rí ojú Desmond láti ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ẹni tí ó ti gbọ́ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ tí ó kàn ń retí kí wọ́n sọ ọ́. Ó ronú kan ìwé rẹ̀, ó ronú kan ilẹ̀kùn Àgbò Dúdú, ó sì mọ̀ pé bí òun bá béèrè bí Desmond ti wí, ìyá òun yóò dáhùn pẹ̀lú òtítọ́, yóò sì mọ ohun tí òun ṣe.

"Winifred Prewett," ó wí, bí àṣà ti pa á láṣẹ kí akọ̀wé pe ẹlẹ́rìí, "níbo ni òkúta keje wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìdí yín kàn án?"

Desmond wo ilẹ̀.

Winifred wo ọmọ rẹ̀. "O bi mí dáadáa," ó ní. "Desmond, wá gbé mi dìde."

Desmond kò mira.

"Àbí o fẹ́ kí n dá nìkan ṣubú ni? Wá."

Ó wá. Ó gbé e dìde, ó fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí i lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, Hilary ní ọwọ́ ọ̀tún, Desmond ní ọwọ́ òsì, abúlé méjèèjì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Colin na apá láti ràn án lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn mí, Colin. Wọ́n á ní o ra ẹlẹ́rìí."

Ìrìn náà pẹ́. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ ni orí kìíní ìwé Hilary ń wó lulẹ̀ lójú rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dun òun tó bí òun ti rò. Winifred kò dúró àfi ìgbà tí ó dé abẹ́ igi ẹ̀gún, níbi tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn igi, ó wo ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, ó sún síwájú díẹ̀, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀.

"Ibí ni. Ojú mi kọ sí ilé aago, ẹ̀gún igi yìí sì fà mí láṣọ ya. Ìyá mi nà mí nítorí aṣọ náà."

Desmond sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́, Mísíìsì Prewett. Ọmọdé lẹ wà. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Desmond, àárọ̀ mìíràn wà tí mi ò lè rántí ojú ọkọ mi. Mi ò gbàgbé òkúta yẹn."

"Kí ló wá gbé wa dé ìsun?" Hilary béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Àgbàrá. Lẹ́yìn tó lọ, gbogbo ibí di ẹrẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọtí rì débi tí ẹṣin ò lè fà á mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé àgbá lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ lókè, gbogbo ayé sì tẹ̀lé àgbá lọ. Ọdún yẹn, wọ́n ṣì mọ̀ pé ọtí làwọn lọ mu. Nígbà tó yá, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà táwọn ti dúró síbẹ̀, kí wọ́n kúkú na ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó tún yá, kò sẹ́ni tó rántí ìdí."

"Ẹ̀yin rántí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Ta ló bi mí? Òùngbẹ sì ń gbẹ èmi náà."

Ẹnìkan láti Marsh Orton bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹnìkan láti Pedlow bá a rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí ó fi ṣòro láti mọ ará abúlé tí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín jẹ́. Desmond nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi apá obìnrin náà sílẹ̀. Colin bọ́ fìlà rẹ̀. Kò dà bí ẹni tí ó ṣẹ́gun.

"Win," ó ní, "sọ ọ́ tán, kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ni ìsun?"

Winifred gba ife rẹ̀ tí Hilary ti ń bá a gbé láti òkè, ó mu ìyókù rẹ̀, ó nu ẹnu, ó sì wo abúlé méjèèjì.

"Marsh Orton ló ni ìsun," ó ní. "Ọtí ibẹ̀ ni tiwa."